Olólùfẹ́ Tó Di Bàbá Ara Rẹ̀

Kì í ṣe ọkùnrin náà ni Èyíwùnmí kọ́kọ́ rí. Àpótí ìjókòó ló rí. Àpótí kékeré kan ni, ó dá dúró sábẹ́ òrùlé ibi tí èrò ti ń dúró de bọ́ọ̀sì níwájú ibùdó reluwé Capitol Heights. Ìlẹ̀kẹ̀ pupa, búlúù àti funfun ló bò ó láti òkè délẹ̀. Ejò kan tó ní orí níhìn-ín, tó tún ní orí lọ́hùn-ún, ló gbé e ró. Òjò oṣù kọkànlá ń rọ̀, kùrukùru ti bo títì, àwọn ìlẹ̀kẹ̀ náà sì ń dán bí ojú ẹni tó ń woni.

Reluwé ló bàjẹ́ lọ́jọ́ náà, tí wọ́n sọ gbogbo èrò kalẹ̀ pé kí wọ́n lọ wọ bọ́ọ̀sì. Èyíwùnmí ti wà lórí ìdúró láti àárọ̀, nítorí ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé, àwọn ọmọ náà kì í sì í jẹ́ kí olùkọ́ simi. Bàtà ń pa á lẹ́sẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí olóhun. Ló bá kó yẹ̀rì rẹ̀ pọ̀, ó fìdí lé àpótí.

Àpótí náà gbóná. Nínú òtútù yẹn, ó gbóná bí ibi tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹnì kankan nítòsí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde! Ẹ dìde kíá!"

Ọkùnrin gíga kan ló ń sáré bọ̀ láti inú òjò, ó mú ife kọ́fí kan lọ́wọ́. Ẹ̀rù ló wà lójú rẹ̀, kì í ṣe ìbínú. Èyíwùnmí fò dìde.

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń bá ara wọn sọ o. Ọmọ Ìbàdàn tí wọ́n gbé wá sí Maryland ní kékeré ni Èyíwùnmí, ọkùnrin yìí sì jẹ́ ará Bamun láti ìlú Fumban ní Kamẹrúùnù. Ṣùgbọ́n Yorùbá ló dùn lẹ́nu èmi tí mò ń sọ ọ́, Yorùbá ni mo sì máa fi sọ ọ́ fún yín.

"Sorry o," ni Èyíwùnmí wí. "Mi ò rí olóhun. Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí."

"Ti bàbá mi ni. Kò sẹ́ni tó ń jókòó lé e àfi àwọn nìkan. Èmi tí wọ́n bí, n kò fìdí kàn án rí láyé mi." Ọkùnrin náà rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, báwo ló ṣe rí lára yín?"

"Ó gbóná."

Ọkùnrin náà wo àpótí. Ọ̀dọ̀ ẹni tó tún ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ sín ló ti ń gbé e bọ̀, ìyẹn sì fi í sínú yàrá ẹ̀yìnkùlé tí kò ní iná. Ó fọwọ́ kan orí àpótí náà, ó ti tutù bíi yìnyín. Ó wo ọmọbìnrin náà láti òkè délẹ̀, ó wá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó na kọ́fí sí i.

"Ẹ gbà, ẹ mu ún. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ yẹn, a gbọ́dọ̀ ṣe é lálejò. Ikrimah Fifen lorúkọ mi."

Bọ́ọ̀sì dé, ó kún, ó lọ. Òmíràn dé, wọn ò bojú wò ó.

Ìfẹ́ wọn kò pẹ́ kó tó rúwé. Ikrimah ń yàwòrán afárá fún ilé-iṣẹ́ kan, ó máa ń ti ibi iṣẹ́ lọ pàdé Èyíwùnmí ní Hyattsville, wọ́n á jẹun, wọ́n á rìn títí òtútù á fi lé wọn wọlé. "Jókòó-láìgbàṣẹ" ni Ikrimah ń pè é. "Ọmọ Ejò" ni Èyíwùnmí ń pe òun náà.

"Ẹ̀rù ejò náà kò yẹ kó bà ọ́," ni Ikrimah sọ fún un. "Ọba wa kan láyé àtijọ́ bá ọ̀tá jà níwájú, ó bá ọ̀tá jà lẹ́yìn, lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ṣẹ́gun wọn. Òun ló fi jẹ́ pé orí méjì ni ejò wa ní."

Ó sọ fún un nípa ààfin Fumban, àti ọba Njoya tó jókòó, tó fúnra rẹ̀ ṣẹ̀dá lẹ́tà tí wọ́n á fi máa kọ èdè wọn. Ó sọ fún un nípa aláǹtakùn abẹ́ ilẹ̀, tí àwọn àgbà máa ń bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé àdúgbò kan náà ni òun àti àwọn òkú ń gbé. Lọ́jọ́ kan, ó sọ èyí tó pa ẹ̀rín mọ́ Èyíwùnmí lẹ́nu.

"Lọ́dọ̀ wa, bàbá kì í kú tán. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ló máa gba ipò rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti gbé onítọ̀hún jókòó, òun ni bàbá. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á máa pè é ní bàbá. Ìyá tó bí i á máa pè é ní bàbá."

"Ìyá rẹ̀ kẹ̀? Wọ́n ń ṣeré ni?"

"Wọn kì í ṣeré."

Ní ìgbà tó yá, Ikrimah mú un lọ sílé. Ilé àtijọ́ kan ni, ní Hyattsville, igi ńlá kan sì bò ó lójú. Ọ̀sán gangan ni, síbẹ̀ wọ́n ti fa gbogbo kọ́tìnì pálọ̀. Aṣọ aláró tí iṣẹ́ ọnà funfun kún ara rẹ̀ bo ògiri. Bàbá arúgbó kan jókòó sórí àpótí onílẹ̀kẹ̀, fìlà lórí, ọ̀pá lọ́wọ́. Nji ni wọ́n ń pè é, oyè tí ọba Fumban fi dá ìdílé wọn lọ́lá.

Ikrimah kò mọ irọ́ pa. Ó ti sọ bí wọ́n ṣe pàdé fún bàbá rẹ̀. Èyíwùnmí kúnlẹ̀, ó kí i. Arúgbó náà húkọ́, ikọ́ gbígbẹ kan báyìí, kó tó sọ̀rọ̀.

"Ṣé ìwọ lo jókòó lé mi?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, àpótí ni mo jókòó lé. Mi ò mọ̀ ni."

"Èmi àti àpótí yìí, ọ̀kan ni wá. Inú yàrá lọ́hùn-ún ni mo dùbúlẹ̀ sí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ìwúwo ẹnì kan wá sórí àyà mi, n kò lè mí. Mo bi ìyá wọn pé ta ló jókòó lé mi. Mo rò pé ikú ni."

Ìyá Ikrimah, tó ń gbé tíì tó kún fún ṣúgà bọ̀ fún un, mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ ti di bàbá ilé yìí," ni arúgbó náà wí. "Ọmọ mi kò lè fẹ́ bàbá rẹ̀. Mo ti sọ̀rọ̀."

Ikrimah bẹ̀ ẹ́ títí. Arúgbó náà dìde, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì nílẹ̀. "Ọ̀rọ̀ tí mo bá sọ," ó ní, "èmi nìkan ló lè yí i padà." Ó wọ yàrá lọ.

Wọn ò fi ara wọn sílẹ̀. Wọ́n ń retí kí inú bàbá rọ̀. Ṣùgbọ́n nínú oṣù kejì, lójú yìnyín, wọ́n bá Nji lórí àpótí rẹ̀, ọ̀pá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì là sílẹ̀. Ikrimah àti ìyá rẹ̀ gbé òkú lọ sí Fumban.

Èyíwùnmí sunkún. Bàbá tirẹ̀ ti kú ní Ìbàdàn kó tó mọ ojú rẹ̀ dáadáa, ó sì ti ń fojú sọ́nà pé òun yóò tún ní bàbá kan. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ní kọ́rọ̀ ọkàn rẹ̀, ó rò ó pé ẹni tó sọ pé rárá ti lọ. Ojú ti í gan-an bó ṣe rò bẹ́ẹ̀.

Ikrimah kò pè é. Ọ̀rọ̀ kan péré ló tẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù láti Fumban: "Wọ́n ti gbé mi jókòó."

Nígbà tí Èyíwùnmí gbọ́ pé wọ́n ti dé, ó sáré lọ sí Hyattsville. Hidayah, ẹ̀gbọ́n Ikrimah obìnrin, ló ṣílẹ̀kùn. "Wọ́n wà nínú ilé," ó sọ wúyẹ́wúyẹ́, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nípa àgbàlagbà.

Ikrimah ló wà lórí àpótí náà. Fìlà bàbá ló dé. Tíì tí kì í fẹ́ kó ní ṣúgà rárá, ó ń da ṣúgà sí i títí ó fi ki. Ìyá rẹ̀ tẹ̀ ba níwájú rẹ̀ láti gba ife. "Nji," ni obìnrin náà pè é, ìyá tó lóyún rẹ̀, tó pọ̀n ọ́n.

"Ikrimah," ni Èyíwùnmí pè.

Ikọ́ gbígbẹ kan ló jáde. "Ọmọbìnrin yìí, jókòó."

"Èmi lo ń pè ní ọmọbìnrin yìí? Jókòó-láìgbàṣẹ ńkọ́?"

Ojú ọkùnrin náà mì, bí ojú ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ó tún le padà. Ó dìde, ó gba ojú fèrèsé lọ, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì nílẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ tí mo sọ kò tíì yí padà."

"Ìwọ kọ́ lo sọ ọ́! Bàbá rẹ ló sọ ọ́."

"Èmi náà ni," ni Ikrimah wí, kò sì wẹ̀yìn.

Ẹkún ni Èyíwùnmí sun dé Glenn Dale, níbi tí òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé. Nọ́ọ̀sì àgbà ni Mọ́mì, ọmọ ìjọ Áńgílíkà tí kì í pa ìsìn jẹ. Ó fetí sílẹ̀, ó kọ́wọ́ lérí.

"Ti pé Mùsùlùmí ni kò dùn mí, Sherifat kúkú ni ìyá tó bí èmi gan-an. Àmọ́ this one? Ọkùnrin tí ìyá rẹ̀ ń pè ní bàbá, kí lèmi ó máa pè é? Ọkọ ọmọ mi ni àbí bàbá ọkọ ọmọ mi? Èyíwùnmí, please, Déolú tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà ńlẹ̀. Àga ilé tiẹ̀, gbogbo ayé ló ń jókòó síbẹ̀, nothing happens!"

"Mọ́mì, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀."

"Èwo nínú wọn?"

Èyíwùnmí yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mọ́mì náà rí i pé ọ̀rọ̀ òun ti wọ̀ ọ́ lára ju bí òun ṣe fẹ́ lọ, ló bá fà á mọ́ra.

Hidayah ló wá a wá sí ilé-ìwé ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn. Inú mọ́tò rẹ̀ ni wọ́n jókòó sí.

"Ọ̀nà kan wà," ó ní. "Ní Fumban, a máa ń ṣe ọdún kan tí wọ́n ń pè ní Nguon. Wọ́n á ní kí ọba dìde lórí ìtẹ́. Àwọn ará ìlú á sọ gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sí i lójú, á dúró, á gbọ́ ọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á tó jẹ́ kó jókòó padà. Bàbá bàbá wa mú un wọ inú ilé wa. Bàbá tuntun gbọ́dọ̀ dìde fún wa kí ọdún tó yí po. Ẹnikẹ́ni tí bàbá bá ti ṣẹ̀ ló lè sọ̀rọ̀, ará ilé tàbí àlejò. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ òótọ́, á yí ohun tó sọ padà."

"Bí kò bá jẹ́ òótọ́ ńkọ́?"

"Á jókòó, rárá rẹ̀ á sì wà bẹ́ẹ̀ títí láé. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la máa ń dá bàbá dúró lórí ọ̀rọ̀ kan." Hidayah di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Àbúrò mi ṣì wà níbẹ̀. Mo máa ń gbọ́ ọ tó ń kọrin nínú balùwẹ̀. Tó bá ti jáde, bàbá á tún ti dé."

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni wọ́n fi í sí. Mọ́mì ló wakọ̀. Ó ní òun kò gbà, ṣùgbọ́n ọmọ òun kò ní dá wọ irú ilé bẹ́ẹ̀. Ó jókòó sí ẹ̀yìn pálọ̀, ó gbé báàgì lé itan, ó gbé Bíbélì lé báàgì.

Ìyá Ikrimah gba ọ̀pá lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀. "Nji, ẹ dìde."

Ó dìde. Yàrá náà tutù lójijì, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná ń ṣiṣẹ́, gbogbo wọn ń gbọ́ bó ṣe ń kùn. Àpótí ṣófo sẹ́yìn rẹ̀.

Hidayah ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ kò jẹ́ kí n sunkún rí, Nji. Nígbà tí ọmọ mi kú, ẹ ní obìnrin ilé yín kì í sunkún lójú àlejò. Mo gbé ẹkún yẹn mì, kò tíì dà."

Ìyá ló tẹ̀ lé e. "Ẹ gbé mi wá sí ìlú òtútù yìí. Ẹ kò bi mí rí bóyá mo fẹ́." Ọkọ rẹ̀ ló ń bá wí, ojú ọmọ rẹ̀ ló sì ń wò. Ikrimah fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró kò gbọdọ̀ fèsì àfi tí wọ́n bá bi í.

Ó kan Èyíwùnmí. Láti ìgbà tí Hidayah ti wá ló ti ń to ọ̀rọ̀ jọ bí olùkọ́ ìṣirò: bí jíjókòó bá ti sọ òun di bàbá, a jẹ́ pé òun náà ní àṣẹ láti gbà kí wọ́n fẹ́ra. Ó dára, kò ní ihò. Ṣùgbọ́n ó gbójú sókè, ó rí ẹ̀rù lójú ọkùnrin náà, ọgbọ́n náà sì fò lọ lórí rẹ̀.

"Nji, ẹ parọ́," ó ní.

Mọ́mì mí kanlẹ̀.

"Ẹ ní nítorí àpótí ni. Nítorí àpótí kọ́. Ẹ̀rù ló bà yín. Ẹ rò pé ikú ló jókòó lé yín, nígbà tí mo sì wọlé, ẹ rò pé ojú mi lẹ rí lójú ikú. Kì í ṣe èmi. Ikú ti wá, ó ti mú yín lọ, èmi wà nínú kíláàsì, mò ń sunkún yín lójú ọmọ ọlọ́mọ. Mo fẹ́ kí ẹ jẹ́ bàbá mi. Ẹ kò bi mí. Ẹ kàn lé mi jáde." Ó wo ẹyinjú ọkùnrin náà. "Ikrimah, bí o bá wà níbẹ̀, ìwọ náà jẹ̀bi. O jẹ́ kí wọ́n fi ẹnu rẹ lé mi, o kò sì bá wọn jà."

Ìyá wo ọmọ rẹ̀.

"Nji, ṣé òótọ́ ni?"

Ikọ́ gbígbẹ dún nínú yàrá. Ẹnu Ikrimah pa dé. Ọ̀dọ̀ àpótí tó ṣófo ni ikọ́ náà ti wá, gbogbo wọn ló sì gbọ́ ọ. Mọ́mì fi ọwọ́ méjèèjì di Bíbélì mú.

Ẹnu Ikrimah wá là. Èdè Bamun ló jáde, ohùn rẹ̀ rinlẹ̀, ó lọ́ra. Ó pe ìyá rẹ̀ ní orúkọ kan. Obìnrin náà fọwọ́ bo ojú. Ọkọ rẹ̀ nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀, nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, kò sì sí ọmọ kankan tó gbọ́ ọ rí.

"Wọ́n ní òótọ́ ni," ni ìyá ń túmọ̀, omi ń dà lójú rẹ̀. "Wọ́n ní ẹ̀rù bà wọ́n. Wọ́n ní kí ọmọ náà sún mọ́ àwọn."

Gbogbo ara Èyíwùnmí ń sọ fún un pé kó sá. Ó sún mọ́ ọn, ó kúnlẹ̀. Ọwọ́ kan bà lé e lórí. Ọwọ́ náà wúwo, ó tutù, awọ rẹ̀ le bí ọwọ́ àgbàlagbà. Ó di ojú rẹ̀, kò yẹ orí. Ohùn náà gbàdúrà fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbọ́ èdè náà, ó mọ̀ pé àdúrà ni. Díẹ̀díẹ̀ ni ọwọ́ náà ń fúyẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ló ń gbóná. Nígbà tó lajú, Ikrimah ló wà níwájú rẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé.

"Kí ni mo sọ?" ó bi wọ́n. "Ẹ dákun, kí ni mo sọ?"

"Bàbá rẹ ti yí ọ̀rọ̀ wọn padà," ni ìyá rẹ̀ wí. Ó gbé ọ̀pá nílẹ̀, ó nà án sí i. "Ó tó, Nji. Ẹ lè jókòó."

Ikrimah kò gba ọ̀pá. "Ẹ jẹ́ kí n dúró ná. Tí mo bá ti jókòó, bàbá gbogbo yín ni mí. Ohun kan wà tí mo fẹ́ bèèrè lórí ìdúró." Òun náà wá kúnlẹ̀, tí ojú òun àti ti Èyíwùnmí fi dọ́gba. "Olólùfẹ́ mi, ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Ta ló ń bi mí?"

Ikrimah ì bá fi irọ́ tù ú nínú. Ó tẹ́tí sí inú ara rẹ̀ ná.

"Èmi ni," ó ní. "Àwọn náà sì wà níbẹ̀. N kò ní tàn ọ́, Èyíwùnmí. Wọn kò ní lọ."

Mọ́mì pe orúkọ ọmọ rẹ̀ jẹ́jẹ́ láti ẹ̀yìn. Èyíwùnmí gbọ́. Ó wo àpótí náà, ó wo ọkùnrin tó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó nu omi ojú fún un pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́.

"Màá fẹ́ ọ," ó ní. "Àmọ́ bá mi sọ fún wọn pé, tó bá di ilé tèmi, kí wọ́n máa kanlẹ̀kùn kí wọ́n tó wọlé."

Ìyá Ikrimah ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, Hidayah gbà á, Mọ́mì náà kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ẹ̀rín kan tún wà nínú yàrá náà, ẹ̀rín arúgbó, tí kì í ṣe ti ẹnì kankan nínú wọn. Èyíwùnmí gbọ́ ọ. Ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, ó sì ń bá a rẹ́rìn-ín lọ.